Ọ̀gá, Ẹ Dákẹ́ Díẹ̀ Ná

Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọmọ ló ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀, síbẹ̀ kó jẹ́ pé bí ọ̀gá bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, àyà gbogbo tíṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ti ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀ rí. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ọmọ yan iṣẹ́ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ò láṣẹ láti yan ibi tí a máa to àga kíláàsì wa sí. Wọ́n ní ká má jágbe mọ́ ọmọ. Ìpàdé tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, igbe ni wọ́n fi sọ ọ́.

Nígbà tí èmi náà wá di ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Tíṣà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tẹnu rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí sùúrù tí yóò fi gbọ́ tẹnu odindi kíláàsì? Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó fi ọmọ ṣe àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ṣe ń ṣe sí tíṣà ni tíṣà á ṣe máa ṣe sí ọmọ, kódà bí kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí nílé, àfi pé nílé, kò sí aago tó máa lù pé iṣẹ́ òní ti parí.

Ọdún 1907 ni Maria Montessori, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Róòmù. Àwọn ohun èlò tó ṣe ni ayé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí dòní: ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ fi ń ka iye, lẹ́tà tí ọmọ lè fi ìka tọ ipa rẹ̀ kó tó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan tó sọ nípa kọ́bọ́ọ̀dù ló wọ̀ mí lára jù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń kó àwọn ohun èlò náà sí; tíṣà ló ń ṣí i, òun ló ń pín wọn, òun náà ló ń kó wọn padà. Lọ́jọ́ kan, tíṣà gbàgbé láti tì í, ó sì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó fi máa wọlé, àwọn ọmọ ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kálukú ti ń mú ohun tó wù ú. Olè ni tíṣà pè é, ó ní ìyà ló tọ́ sí wọn. Montessori wò ó títí, ó ní àwọn ọmọ yìí ti mọ ohun èlò wọn débi pé wọ́n lè fúnra wọn yan èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Láti ìgbà yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù kúkúrú tí ọwọ́ ọmọ tó ló ń lò fún wọn.

Àwọn méjèèjì wo ohun kan náà, ẹnì kan rí olè, ẹnì kejì rí ọgbọ́n. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn lójú mi, ju ká máa buwọ́ lùwé lọ.

Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kọ́bọ́ọ̀dù àwọn àgbà. Tiwa jẹ́ yàrá kékeré kan tí bébà, ọ̀dà, sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Tíṣà á kọ ohun tó fẹ́ sínú ìwé, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn. Ohun tí ètò yìí ń sọ ni pé bí nǹkan kan bá ṣàdédé wá sí tíṣà lọ́kàn láàárọ̀, nítorí ìbéèrè kan tí ọmọ bi í, kó gbàgbé ẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́. Akọ̀wé wa wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ó ní, “Mà, wọ́n á kó o tán o.”

Kò purọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sísọ́ọ̀sì pòórá, àwọn kan sì kó bébà kún dúrọ́ọ̀ wọn fọ́fọ́. Ẹni tí wọ́n ti ń há nǹkan fún láti ọjọ́ pípẹ́, tó bá rí àyè, ìkójọ ló máa kọ́kọ́ ṣe, ì báà jẹ́ ọmọdún mẹ́ta tàbí ẹni tó ti lọ́mọ-ọmọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn náà ò ní padà tì, sísọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bọ̀ láti inú dúrọ́ọ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni ohun tí mo rí nípa ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀dà àti páálí ń tán ní kíláàsì àwọn kéékèèké, ṣùgbọ́n àwọn kíláàsì òkè kì í wá mú ohunkóhun ju bébà ìdánwò lọ. Kò sí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò kankan tó fi hàn mí kedere tó bẹ́ẹ̀ pé bí ọmọ bá ti ń dàgbà lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ ń di dídì, àfi kó máa da ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó kọ.

Dídákẹ́ ló tún le ju ṣíṣílẹ̀kùn lọ.

Mary Budd Rowe, obìnrin onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí ohùn àwọn tíṣà tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ó rí i pé bí tíṣà bá béèrè ìbéèrè tán, bí ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré ló ń dúró kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó tún ìbéèrè náà sọ. Nígbà tí àwọn tíṣà kọ́ láti máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, àwọn ọmọ sì túbọ̀ ń béèrè ìbéèrè tiwọn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta! Ó kéré lójú ẹni tí kò tíì dán an wò níwájú èèyàn.

Mo gbé e lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀gá bá ní “Ṣé ìbéèrè wà?”, tí kò sẹ́ni tó dáhùn, ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn nìyẹn. Mo béèrè pé kí ló ń dí wa lọ́wọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀, mo sì pa ẹnu mi dé. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó ṣe mí bíi kí n fúnra mi dáhùn. Tíṣà tó kéré jù nínú wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló gbé orí sókè: “Mà, àwọn tó ń pẹ́ wá sílé-ìwé la máa ń ní kí wọ́n dúró níta. Kíkàwé sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó ń pẹ́ yẹn gan-an ni ò mọ̀wé kà.”

Yàrá náà pa lọ́lọ́. Gbogbo wa ló mọ àwọn ọmọ tó ń sọ, kálukú lè dárúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó tíì so méjèèjì pọ̀. Ìjìyà tí a rò pé a fi ń kọ́ wọn ní àkókò ló ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sì í gbé ara rẹ̀ wá sílé-ìwé. Ní báyìí, ọmọ tó bá pẹ́ á rọra wọlé, á jókòó, á ṣí ìwé. Òbí rẹ̀ la máa ń bá sọ ọ̀rọ̀ pípẹ́. Ó pẹ́ tí tíṣà yẹn ti mọ èyí o, kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé yẹn ló mọ̀ ọ́n. Àyè ni kò rí.

Nípa lílọ wo tíṣà nínú kíláàsì, n kò ní sọ púpọ̀. Mo kàn gbé fọ́ọ̀mù sẹ́yìn, mo ní kí èmi àti tíṣà jọ mú ọmọ kan ṣoṣo tí a máa wò. Tíṣà kan ní òun fẹ́ kí n wo ọmọkùnrin kan tí kì í jókòó, tó jẹ́ pé pẹ́ńsù gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. A wò ó. Bó bá tó àsìkò láti kọ nǹkan sílẹ̀ báyìí, á dìde, á lọ gbẹ́ pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀nà tó yá. Á yí gbogbo kíláàsì po, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bó bá padà dé ibi ìjókòó, á kọ ìlà kan, ó tún ku pẹ́ńsù nìyẹn. Ọmọ náà ò mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó sì ti wá ọgbọ́n dá sí i fúnra rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mélòó kan sórí páálí tó gbé sórí tábìlì ọmọ náà. N kò sọ fún un pé kó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín wa. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn láti máa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí alárà fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Àwọn kan gba tiwọn láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí kálukú ṣe ohun tó wù ú, àkókò tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún lò nídìí àwòrán kò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ìfẹ́ ṣe ti di iṣẹ́ àṣegbowó.

Gbogbo wa la ka ìwádìí yìí, gbogbo wa la gbà á, a kó ìràwọ̀ kúrò lára ògiri kíláàsì. Àwòrán “Tíṣà Tó Pegedé Jù Lóṣù Yìí” sì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi síbẹ̀, nínú férémù. Mo yọ ọ́. Inú àwọn kan ò dùn, pàápàá ẹni tí oṣù tó kàn ì bá kàn. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò hàn sójú ayé: mo máa ń sọ ohun tí mo rí fún ẹni tó ṣe é, ní pàtó. “Mo rí i bí ẹ ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yẹn títí ẹkún rẹ̀ fi dá.” Ẹ jọ̀ọ́ o, kí ọ̀gá kankan má fi èyí bojú láti má sanwó. Owó oṣù kì í ṣe ìràwọ̀. Owó òṣìṣẹ́ ni, kó san án pé, kó san án lásìkò.

Àwọn kan á ní ohun tí mò ń sọ yìí, kí gbogbo èèyàn kàn máa ṣe bó ṣe wù wọ́n ni. Rárá. Diana Baumrind, onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ti yanjú ìyẹn láti àwọn ọdún 1960. Ó ya òbí sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ń pàṣẹ tí kò fẹ́ gbọ́ àlàyé, èyí tó ń gba gbogbo nǹkan láàyè, àti èyí tó ní ìfẹ́ tó sì ní òfin, tó ń ṣàlàyé ìdí òfin náà, tó ń gbọ́ èsì, tí kò sì yẹ̀ lórí ohun tí kò yẹ kó yẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣòro. Ẹni tó bá ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú mọ̀ pé wọ́n á ní òun ò jẹ́ kí wọ́n lọ sórí ààtàn lọ jẹ̀. Tíṣà tó ń fi ọwọ́ kan ọmọ lọ́nà tí kò tọ́, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń pe ìpàdé jíròrò. Òfin kì í pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ àwọn tó wà, irin ni wọ́n.

Ibi tí mo ti ń rí ẹ̀tàn jù ni ọ̀rọ̀ yíyàn. Bí òbí bá bi ọmọ pé “Ṣé wàá wẹ̀?”, tí ọmọ ní rárá, tí wọ́n sì gbé e sínú omi tipátipá, wọn ò bi í ní nǹkan kan látìbẹ̀rẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n ní, “Ṣé ká wẹ̀ ká tó kàwé ni, àbí ká kàwé ká tó wẹ̀?” Wíwẹ̀ ò yẹ̀, ìgbà rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ọ̀gá náà ń ṣe é. Ìpàdé tí ìpinnu rẹ̀ ti wà nínú àpò ọ̀gá láti àná, tí wọ́n tún ń bi wá pé kí la rò sí i, gbogbo wa la mọ òórùn rẹ̀. Mo ti wá ń sọ ọ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé: èyí, mo ti pinnu rẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí ni, èyí, ọwọ́ yín ló wà. Bí wọ́n bá pinnu ohun tí n kò fẹ́, ohun tí a máa ṣe náà nìyẹn.

Ta wá ni yóò bá ọ̀gá wí? Mi ò rí ẹni tó fi ìgboyà dáhùn ìbéèrè yìí tó Janusz Korczak. Dókítà ọmọdé ni, láti ọdún 1912 ló sì ti ń darí ilé àwọn ọmọ Júù aláìlóbìí kan ní ìlú Warsaw, ní Poland. Wọ́n ní ilé-ẹjọ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ ló ń ṣe adájọ́, púpọ̀ nínú òfin tí wọ́n ń lò sì jẹ́ òfin ìdáríjì. Wọ́n lè pe àgbà lẹ́jọ́. Korczak fúnra rẹ̀ jẹ́jọ́ níwájú wọn. Ní ọdún 1942, nígbà tí ìjọba Násì ti ilẹ̀ Jámánì wá kó àwọn ọmọ náà lọ sí Treblinka, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù, ó kọ̀ láti fi wọ́n sílẹ̀, ó bá wọn lọ síbi ikú. Orílẹ̀-èdè rẹ̀, Poland, ló kọ́kọ́ dábàá pé kí àjọ UN ṣe àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Abala 12 àdéhùn náà ní ọmọ tó bá lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórí gbogbo ohun tó kàn án, kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí bó bá ṣe dàgbà tó àti bí òye rẹ̀ bá ṣe tó.

Èmi ò tíì dé ibi tí Korczak dé. Èyí tí mo lè ṣe ni pé ní òpin sáà, àwọn tíṣà á kọ èrò wọn nípa bí mo ṣe ń darí wa, tíṣà kan á tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, á kà á sókè nínú ìpàdé níṣojú mi. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, “Bí Mà bá ti rẹ́rìn-ín músẹ́, a ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ da ọ̀rọ̀ wa nù nìyẹn.” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Mi ò wá mọ ojú tí mo fẹ́ ṣe mọ́.

Ilé ló tún wá le jù. Nílé-ìwé, a lè to gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Nílé, ó ti rẹ àwọn àgbà kí ọ̀rọ̀ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa kékeré ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Á jókòó sórí àtẹ̀gùn, ahọ́n rẹ̀ á yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á ká okùn kan, á di èkejì mú, á wá gbàgbé èyí tó yẹ kó kọjá sábẹ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi. Kí ń kàn tẹ̀ ba, kí ń so ó, ká máa lọ! Ọkọ mi ló sọ pé kí a má bá ọmọ jà, aago ni ká bá jà. Ó yí aago ìjí wa sẹ́yìn díẹ̀, ó gbé bàtà kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ síbi tí ọmọ ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù Montessori náà tún nìyẹn, bàtà ló kàn wà nínú rẹ̀.

Ọkọ mi ò ka ìwé kankan lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé o. Àmọ́ òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú àwa méjèèjì. Bí ọmọ wa àgbà bá dé láti ilé-ìwé, tí mo ní “Kí lẹ kọ́ lónìí?”, “Kò sí” ni ìdáhùn. Bàbá rẹ̀ kì í bi í ní nǹkan kan. Á kàn jókòó tì í, á máa tún ohun kan tó ti bàjẹ́ ṣe, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ẹni tó bá a jà, ìṣirò tí kò yé e, tíṣà tó pè é ní orúkọ ẹlòmíì. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ rọrùn láti sọ fún ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbòmíì. Mo ti ń lò ó fún àwọn tíṣà náà. Ohun tí tíṣà ò jẹ́ sọ lórí àga tó kọjú sí tábìlì mi, á sọ ọ́ bí a bá jọ ń to àga gbọ̀ngàn jọ.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì òkè dá sí bí a ṣe ń to ìwé àkókò wọn, wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Tíṣà wọn ò gbà rárá. Ó ní wọ́n á kàn yan bọ́ọ̀lù ni, àwọn ọmọbìnrin ò sì ní rí ẹni gbè wọ́n. Mo ní kó jẹ́ ká dán an wò, ó ní ẹni tí kò sí nínú kíláàsì ló rọrùn fún láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yẹn, mi ò rí èsì gidi fún un. A ti sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.